Fàdá Tó Jókòó Nígbà Ìbúra

Bí ọmọ kékeré kan bá ti sọ pé "I swear" nínú ilé alájà púpọ̀ tí à ń gbé ní àdúgbò Jane and Finch ní Kánádà níbí, fàdá àgbàlagbà tó wà lókè wa á fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Má búra, ọmọ." Ó bo ìwọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi yìí sílẹ̀ náà lẹ́nu rí.

Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba lórílẹ̀-èdè tí fàdá ti wá, wọ́n ní kí àwọn fàdá búra pé ìjọba ni ọ̀gá wọn, kì í ṣe póòpù. Wọ́n to àwọn mẹ́ta síwájú pẹpẹ. Ẹni àkọ́kọ́ kọ̀, wọ́n yìnbọn pa á. Ẹnì kejì kọ̀, wọ́n fi ìdí ìbọn fọ́ ọ lẹ́nu. Fàdá wa búra. Ni ọ̀gá sójà bá ki kóbókò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́: "O ti di tiwa. Na ọ̀rẹ́ ẹ tó kù yìí." Ó nà án títí ẹ̀mí fi bọ́ lára ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo sìn ín lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ Kánádà. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó wá gbàwé dìde, kí wọ́n búra fún ọba tó jẹ́ olórí Kánádà. Ẹni tí kò bá búra kò ní gba ìwé ọmọ ìlú. Fàdá jókòó. Mo fi ìgbúnwọ́ gún un.

"Fàdá, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́, ká máa lọ."

Ó ní, "Ìyá, ohun tí mo sọ fún ara mi lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn."

A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Kò gba ìwé.