Ṣin-ṣin Tó Jóná Nílé Màmá

Nílé wa, Kérésì kò tíì dé bí a kò bá tíì dín ṣin-ṣin. Ẹran lè má tó, aṣọ lè jẹ́ ti èṣí, kò sẹ́ni tó máa ráhùn. Ṣùgbọ́n bí Dìsẹ́ńbà bá ti dé ìdajì, gbogbo wa á pé sílé màmá mi ní Lásunwọ̀n, n'Íkòròdú. Èmi á ti Ìjẹ̀dẹ̀ wá, àbúrò mi ọkùnrin á kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́ wá, a ó sì jókòó ti fùláwà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Kálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àbúrò mi ló ń pò ó nítorí pé apá rẹ̀ le. Èmi ni mò ń yí ìgò lé e lórí kó lè fẹ̀. Àwọn ọmọ ń gé e, èyí tó bá sì gé tirẹ̀ gbàǹgbà-gbàǹgbà, a ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọn á fi wọlé ẹ̀kọ́. Ìyàwó àbúrò mi ló ń dín in. Ṣúgà nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Màmá ló ń fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, bí o bá sì gbìyànjú láti bá wọn kà á, wọ́n á ní o fẹ́ ba ọwọ́ àwọn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í tọ́ ọ wò, àfi ìgbà tí a bá ti gbé abọ́ àkọ́kọ́ lọ fún àwọn ará ilé kejì, Mùsùlùmí tó máa ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí wa.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ ká tó débẹ̀. Àbúrò mi ti ń pè mí lórí fóònù pé ìgbàgbé màmá ti ń pọ̀ jù. Wọ́n gbé ọbẹ̀ kaná, wọ́n gba ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò ni ilé kò fi jó. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Yálà kí wọ́n wá bá òun gbé l'Ẹ́pẹ́, tàbí kí èmi tí mo wà nítòsí kó wá bá wọn gbé.

Mo ta kò ó. Mo ní ta ni kì í gbàgbé? Mo ní bí a bá fa màmá tu kúrò nínú ilé tí àwọn àti bàbá wa jọ kọ́, ọwọ́ ara wa la máa fi pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì dùn létí. Èyí tí n kò sọ ni pé mi ò fẹ́ kó kúrò n'Íjẹ̀dẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yàrá tó wù mí níbẹ̀ ni, tó kọjú sí ọ̀sà, tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí níbi tí mò ń lọ. Nítorí náà, dandan ni kí orí màmá pé, ó pé o, kò pé o.

Láàárọ̀ ọjọ́ ṣin-ṣin yẹn, àbúrò mi fà mí sẹ́yìn ilé. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ wọn lónìí. Ohun tẹ́ ẹ bá rí lẹ máa sọ fún mi. Tẹ́ ẹ bá ní kò sí nǹkan kan, mi ò ní sọ ọ́ mọ́." Ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó lọ ra gáàsì.

Màmá wọn ṣúgà sínú fùláwà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Bí wọ́n ti parí, ọmọ kan sáré wọlé pé adìẹ Kérésì ti já okùn. Màmá bá wọn lé e yí ilé ká, wọ́n padà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró. Wọ́n wá gbé agolo, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ṣúgà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n dá ọwọ́ dúró, agolo wà lókè, wọ́n wò mí lójú. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn. Wọ́n da ti ọwọ́ wọn sí i, wọ́n sì wọn ìyókù.

Mo sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ ló jẹ́ kí n dákẹ́, pé ọmọ kì í tọ́ka àṣìṣe ìyá rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò, bóyá àbúrò mi ti dé.

Ẹni tó bá ti dín ṣin-ṣin rí mọ̀ pé bí ṣúgà bá pọ̀ jù, kì í dúró de ẹni nínú òróró. Inú kò tíì jinná, ẹ̀yìn ti dúdú. Ìyàwó àbúrò mi kó àkọ́kọ́ jáde, ó dà bí èédú wẹ́wẹ́. Ó dín iná kù, èkejì tún dúdú. Èéfín gba ilé ìdáná, ó ń wúkọ́.

"Ìyàwó, iná rẹ ti pọ̀ jù," ni màmá wí. "Àbí ẹja Ẹ̀pẹ́ lo rò pé ò ń yan?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo ti dín in kù, mà."

Ọkọ rẹ̀ náà kò jẹ́ kó sinmi. Ó ní kì í fọkàn sí nǹkan, ó ní òun ti fi apá òun ṣòfò. Obìnrin náà yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé iná yìí pọ̀ lóòótọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo iná náà dáadáa, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo ní, "Dín in kù díẹ̀ sí i." Ó kúnlẹ̀ bẹ màmá lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Títí di òní, mi ò gbàgbé ìkúnlẹ̀ yẹn.

Nígbà tí àbúrò mi bi mí pé kí ni mo rí, mo ní ara màmá dá ṣáká. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn padà s'Ẹ́pẹ́. Lọ́dún yẹn, a kò gbé abọ́ kankan lọ sílé kejì.

Èmi dúró fọ agbada. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n mú ẹyọ kan nínú èyí tó jóná, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó ti dùn jù," ni wọ́n wí. Wọ́n yí ìyókù rẹ̀ wò. "Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo da ṣúgà yẹn?"

Mo ń ha agbada lọ.

"Nígbà tí mo gbé agolo yẹn, kò yé mi mọ́ bóyá mo ti dà á ni àbí mi ò tíì dà á. Mo wá wo ojú rẹ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń wo ojú rẹ bí nǹkan bá rú mi lójú. Bí o bá fajú ro, màá mọ̀ pé mo ti ṣì í ṣe. O rẹ́rìn-ín sí mi, ọkàn mi sì balẹ̀."

Wọn kò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n kàn ní kí n pe ìyàwó àwọn kí àwọn lè bẹ̀ ẹ́. Mo pè é, mo gbé fóònù fún wọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, "Ẹ káalẹ́, mà." Màmá di fóònù náà mú, wọ́n wò ó, wọ́n wá rọra bi mí pé, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Ìyàwó mi, èmi ni. Iná rẹ kò pọ̀ jù. Jọ̀ọ́, gbé fóònù fún ọkọ rẹ."

Mo gbọ́ tó ń pè é láti ìta. Màmá ń wo ojú mi. Omijé ń dà níbẹ̀, mi ò sì nù ún.