Èrìgì Màmá Mi

Ọ̀rọ̀ ẹnu màmá mi ti sú mi. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, wọ́n ń lo oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo àdúgbò wa ní Sabon Gari, èmi nìkan ni wọ́n gbà kó mọ̀. Nígbà tó yá, èrìgì wọn wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín kan sì ń mì. Mo ní kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Rárá o. Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ni wọn kì í fọwọ́ kàn, wọ́n ní kó sinmi. Tí wọ́n bá mu kunu oníṣúgà tán, wọ́n á rún orín kíkorò, wọ́n ní ìkorò ti pa adùn. Ẹ gbà mí o.

Nígbà tí wọn ò lè jẹ ẹran mọ́, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan lọ́nà Brigade, obìnrin Hausa kan tí kò jù mí lọ. Ó fi Hausa bi wọ́n bóyá wọ́n ní àrùn ṣúgà.

"Babu," ni màmá mi wí. Kò sí.

Nílé wa, ọmọ kì í já ìyá rẹ̀ nírọ́ níwájú àlejò. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Dókítà bu omi fún mi. Ìgbà tó wá ń fa abẹ́rẹ́ tí yóò mú ẹnu wọn kú kó lè yọ eyín tó ń mì náà, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo tú àṣírí náà síta pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ.

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ṣúgà ti ga kọjá ààlà. Ó ní òun ò ní yọ eyín náà lónìí. Bí ṣúgà ò bá wálẹ̀, ojú egbò lè má tètè jiná, kòkòrò sì lè wọ̀ ọ́. Ó ní èrìgì tó ń ṣàìsàn náà kì í jẹ́ kí ṣúgà gbọ́ oògùn.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ní wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Mo ní ta ni wọ́n ń purọ́ fún, ṣé dókítà ni eyín ń dùn ni? A dé àdúgbò Noman's Land.

"Ìka ẹsẹ̀ bàbá rẹ," ni màmá mi wí, "ìka kan péré ni àwọn dókítà kọ́kọ́ ní àwọn máa gé."

Mo yíjú sí wọn. Wọ́n ti fi ìborùn bo ẹnu.

"Gbogbo ẹsẹ̀ ni wọ́n gé. Lẹ́yìn náà ni a sin bàbá rẹ. Tí mo bá dárúkọ ṣúgà, ibo ni wọ́n máa gé lára tèmi?"

Mo di ọwọ́ wọn mú. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí mọ́.