Èdè Tí Mi Ò Kọ Sínú Ìwé Ìwáṣẹ́ Mi

Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe lórí kòkòrò ẹ̀wà parí, ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Samaru, lókè Ọya. Àgbàlagbà Hausa ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Owó ìwádìí ti tán," ó ní. "Má dúró dè mí. Wá ibòmíràn."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rò pé ó máa fà mí wọlé bí olùkọ́.

Oṣù méje ni mo fi kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ò dáhùn. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní Sabon Gari, àdúgbò àwa tí kì í ṣe Hausa, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé ìwé tó o kà ò tíì tó ni?"

"Ó ti tó, Màámi."

"Kí ló wá kù?"

Mo tún jókòó ti lẹ́tà mìíràn.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìtọ́jú irè oko pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ́fíìsì wọn nítòsí PZ, láàárín ìlú. Obìnrin kan nínú àwọn mẹ́ta tó jókòó níbẹ̀ yẹ ìwé mi wò.

"Bí àgbẹ̀ bá bi yín pé kí ló dé tí kòkòrò fi ń dá ẹ̀wà òun lu ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbọ́wọ́ sókè. "Àgbẹ̀ yẹn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o."

Ni mo bá yí i sí Hausa, irú èyí tí a fi ń ṣeré ládùúgbò wa. Mo ní láti oko ni kòkòrò náà ti ń bá ẹ̀wà wálé. Bí wọ́n bá di àpò ẹ̀wà pa tí atẹ́gùn ò wọ̀ ọ́, kòkòrò yóò kú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí Hausa ò sí nínú ìwé ìwáṣẹ́ yín?"

"Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn kọ ọ́ síbẹ̀, mà." Òótọ́ ni. Màmá àgbà máa ń nà wá bí a bá sọ ọ́ nínú ilé; Yorùbá nìkan ló fẹ́ gbọ́.

Wọ́n gbà mí. Ní abúlé àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi lọ, bàbá àgbẹ̀ kan jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ìwọ gan-an, àpò ẹ̀wà mélòó lo ti tọ́jú rí?"

"Kò sí, Baba."

Ó tẹ́ ẹní fún mi. "Jókòó, kí n fi tèmi hàn ọ́."

Mo jókòó, mo sì yọ ìwé àti bírò jáde.