Ọwọ́ Tó Mọ Aró

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń múra ìrìn àjò yẹn nínú basement wa ní Cranston, àdúgbò kan ní Calgary. Mo fẹ́ fojú ara mi rí àwọn òkè àríwá Vietnam, níbi tí àwọn Hmong, ẹ̀yà kan tó ń pa aṣọ láró, ń gbé. Nígbà tó ku oṣù kan, àbúrò mi obìnrin ní òun náà máa bá mi lọ.

Màmá Hmong àgbàlagbà kan ló gbà wá sílé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹ́ pa aṣọ láró. Bí àbúrò mi ṣe rí ìkòkò aró, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó sì ń yí aṣọ náà láìsí ẹni tó kọ́ ọ níbẹ̀. Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n dì mọ́ ọn.

Ọ̀dọ̀ ìyá wa àgbà, aláró ní Abẹ́òkúta, ni àbúrò mi dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Èmi dàgbà sọ́dọ̀ àwọn òbí wa ní Èkó. Inú bí mi débi pé mi ò ya fọ́tò wọn. Ìrìn àjò tèmi ni!

Ọ̀sẹ̀ tí a padà dé Calgary, mo sọ fún un nínú ọkọ̀ pé, "Mo jowú ẹ gan-an lọ́hùn-ún."

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni Mọ́mì àti Dádì mú sọ́dọ̀. Èmi ni wọ́n mú lọ fún ìyá àgbà. Ṣé ẹ rò pé èmi ò jowú yín rí?"

Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n owú náà ò tíì tán nínú mi.