Òǹtẹ̀ Pásítọ̀ Lórí Ẹjọ́ Ìyá Mi

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe ní Sakété, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe sí ìyá mi ní Pobè, nítorí ẹni tó bá gbọ́ tèmi nìkan á ní ọmọ burúkú ni mí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin kú ní abúlé kan lẹ́bàá Ahoyéyé. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni, bí baba wọn ṣe ṣe é lòun náà ṣe é. Ìyá mi lọ síbi ìsìnkú. Ó di ẹ̀kọ mẹ́rin àti ẹja díndín láti ilé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n sè níbẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó sunkún, ó padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ wa dìde lórí pẹpẹ, ó ní ìyá mi jẹ oúnjẹ òrìṣà. Kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kó má sì jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́ títí òun yóò fi rí i pé ó ti ronú pìwà dà. Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò bi í léèrè. Kò pe ẹlẹ́rìí. Kò sì dá ọjọ́ tí ìyà náà máa parí. Ẹ̀kọ́ òfin ni mo kọ́ ní yunifásítì: ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé pàápàá, wọ́n ń sọ ọjọ́ tó máa jáde fún un.

Oṣù márùn-ún ni ìyá mi fi bá àwọn tó máa ń pẹ́ dé jókòó. Tí wọ́n bá ń gbé búrẹ́dì kiri, á tẹrí ba bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá pásítọ̀. Ìdáhùn kan náà ni: "Ọ̀rọ̀ àwọn aṣíwájú lèyí. Ọmọ ìjọ lásán ni ẹ́."

Ó dáa.

Ìwé kan wá dé pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan yóò wà fún àwọn aṣíwájú ìjọ ní Sakété, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan sì mú ẹni tó lè kọ ìròyìn lédè Faransé dání. Pásítọ̀ wa lè wàásù kí òrùlé máa mì, ṣùgbọ́n kó kọ ìlà méjì lédè Faransé, ogun ni. Èmi ọmọ ìjọ lásán ló wá bá.

Alùpùpù rẹ̀ la gùn lọ. Aago mẹ́jọ ni wọ́n dá. Aago mẹ́wàá ti kọjá kí a tó bẹ̀rẹ̀, torí pé gbogbo ẹni tó ní oyè ló fẹ́ gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, oyè sì pọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, arábìnrin kan ń kọ orúkọ àti ipò wa. Mo ní kó kọ "ọmọ ìjọ".

"Ìyẹn kì í ṣe ipò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá nǹkan mìíràn sọ, àyè yìí ò lè ṣófo."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ ìjọ ṣẹ̀?"

"Ẹ wo èrò lẹ́yìn yín, ẹ jọ̀ọ́."

Ó kọ "Aṣíwájú", ó sì fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn. Bí mo ṣe di ẹni ńlá nìyẹn. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, torí káàdì yẹn, ẹran méjì ni wọ́n fi sórí ìrẹsì mi, àwọn obìnrin tó se ìrẹsì ọ̀hún ò sì rí eegun. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni. Mo jẹ ẹran méjèèjì.

Lẹ́yìn oúnjẹ, olùkọ́ tó wá láti Àjàṣẹ́ pín wa ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹjọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nínú ìjọ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n dá a, kí akọ̀wé kọ ìpinnu sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tiwa. Àwọn yòókù ni pásítọ̀ wa, ajíhìnrere kan láti Yoko, àti ìyá ìjọ kan tó jẹ́ ará Sakété.

"Ta ló ní ẹjọ́?" ni ìyá ìjọ bèèrè.

Ajíhìnrere mi orí. "Lọ́dọ̀ tiwa, àlàáfíà ni, màmá. A ò mọ ìjà."

"Ṣé áńgẹ́lì lẹ ń wàásù fún ní Yoko ni?"

Pásítọ̀ wa ní ìjọ tòun náà tòrò bí omi àmù. Mo bá ní tí wọn ò bá bínú, mo mọ ẹjọ́ kan. Mo sọ ìyá mi di baba arúgbó. Mo sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di àbúrò obìnrin, mo sọ ẹ̀kọ di gàrí, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sọdá sí Nàìjíríà, níbi táwọn ará wa gbà pé kò sóhun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Èyí tó kù, bó ṣe rí ni mo sọ ọ́.

Ìyá ìjọ pàtẹ́wọ́. "Yéè! Kó má sin àbúrò ẹ̀? Pásítọ̀ yẹn, ṣé orí igi ni wọ́n ti ká a ni?"

Ajíhìnrere ní kí wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i.

"Ìwé kẹ̀?" ni pásítọ̀ wa wí. Olùkọ́ ará Àjàṣẹ́ ti wá dúró lẹ́yìn wa, ó ń tẹ́tí. Bí pásítọ̀ ṣe rí i ni ohùn rẹ̀ di ti orí pẹpẹ. "Ìwé ò tó! Kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé baba yẹn, lọ́sàn-án gangan, kó tọrọ àforíjì. Kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á padà síwájú. Ìgbéraga ló ń dà á láàmú!"

"Ṣé kí n kọ ìgbéraga sí i?"

"Kọ ọ́. Fàlà sí i nídìí."

Mo fàlà sí i nídìí. Àwọn yòókù fọwọ́ sí i. Ti pásítọ̀ wa ò mọ síbẹ̀: ó yọ òǹtẹ̀ ìjọ wa nínú báàgì, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà, gbà! Òun náà ló kéde rẹ̀ sétí gbogbo ilé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Inú rẹ̀ dùn nígbà tí à ń padà.

"Akọ̀wé, baba yẹn, ìjọ wo ló wà gan-an?"

"Tiwa ni, Pásítọ̀. Kì í ṣe baba. Ìyá mi ni."

Alùpùpù rọra dúró láàárín igi ọ̀pẹ. Kò bojú wẹ̀yìn.

"O tàn mí."

"Díẹ̀ ni, Pásítọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dájọ́, èmi kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Ìwé ọ̀hún dà?"

"Ọ̀kan wà lọ́wọ́ olùkọ́ ará Àjàṣẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lápò mi."

"Ìwọ ọmọ yìí, o burú."

Mo ní mo gbà. Láti ibẹ̀ dé Pobè, kò sí kòtò kan tó yà fún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án gangan, ó dé. Ìyá mi ń yín àgbàdo níwájú ilé. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Màmá, ẹ forí jì mí. N kò bi yín léèrè kí n tó sọ̀rọ̀."

Ìyá mi, tó máa ń gbọ́ ọ tí adìẹ bá wọ ilé ìdáná aládùúgbò, gbé ọwọ́ sétí.

"Kí lẹ wí, Pásítọ̀? Ọjọ́ orí ti dé. Ẹ sọ ọ́ sókè."

Ó tún un sọ.

"Hẹ̀n? Bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ lórí pẹpẹ, ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn tó ń pọn omi nídìí kànga ti dáwọ́ dúró. Pásítọ̀ wò wọ́n, ó wò mí, ó lanu: "Mo ní ẹ forí jì mí, màmá! Ẹ ò jẹ oúnjẹ òrìṣà kankan!"

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá mi wí, "mo ti gbọ́. Àwọn náà ti gbọ́. Ẹ jókòó kí ẹ mumi."

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ fà á lọ́wọ́ dé iwájú, ìyá mi sì jẹ búrẹ́dì. Nígbà tí a délé, mo bi í bó ṣe rí lẹ́nu lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Ó ní wọ́n ti jẹ́ kó gbẹ jù.