Inú Àpótí Ni Mo Ti Ń Yí I

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ọmọbìnrin, tó sì fún un ní ohùn. Láti ìgbà tó ti wọ ilé kéú ládùúgbò wa ní Savè ni àwọn èèyàn ti ń dúró lẹ́bàá ògiri láti gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ ni kò fẹ̀ tó. Eyín òkè há mọ́ra, wọ́n gun orí ara wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì fi ń jẹun. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo mú un lọ bá dókítà eléyín ní Parakou.

Dókítà ṣe àwo ike pẹlẹbẹ kan tó bá àjà ẹnu rẹ̀ mu, tí ìṣó oníyíyí kékeré wà láàrin rẹ̀. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tín-ín-rín kan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí n máa yí ìṣó náà. Àwo á fẹ̀ díẹ̀, á sì máa ti eegun ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà oúnjẹ àti ìgbà ìfọyín nìkan ni kí ọmọ máa yọ ọ́.

Ó ní, "Ìyá, eegun ọmọdé ṣì rọ̀. Tó bá ti gbó, iṣẹ́ abẹ ló kù."

Mo mú ọjọ́ Jímọ̀ fún un. Tí a bá ti kírun tán, ọmọ á gbé àpótí àwo náà wá. Màá ṣe bísímílà, màá yí i, màá dá a padà sínú àpótí.

"Ó yá, fi sẹ́nu."

"Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná, Màmá."

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kéú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i pé, "Ìyá àgbà, ẹ káàárọ̀ o!" Lọ́sẹ̀ kejì, ohùn rẹ̀ já gaara. Mo dúpẹ́. Mo sọ fún un pé àwo náà ti mọ́ ọn lára, pé inú mi dùn.

Lẹ́yìn oṣù méjì a padà sí Parakou. Dókítà gbìyànjú títí, àwo kò wọlé.

"Ìyá, ẹ ń yí i?"

"Gbogbo Jímọ̀, dókítà. N kò fo ẹyọ kan."

"Mo rí i. Àwo ti fẹ̀ dáadáa. Ẹnu ni kò fẹ̀. Ta ló wá ń wọ̀ ọ́, àpótí?"

Ìtìjú mú mi rẹ́rìn-ín. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Dókítà yí ìṣó náà padà sẹ́yìn títí àwo fi wọlé, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n eegun kò ní dúró dè wá.

Nínú taksí, mo bi í léèrè ìdí tí kì í fi í wọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ohùn mi ti dára. Inú yín ń dùn." N kò rí ẹni bá wí.

Ní ọjọ́ kejì èmi àti ọmọ mi lọ sí ilé kéú lọ bẹ Àáfà, bàbá àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn ní kéú, pé kó má jẹ́ kí ọmọ kéú níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

"Nítorí kí ni? Eyín iwájú mi mẹ́rin ti lọ, ta ló dá mi dúró?" Ó yíjú sí ọmọ náà. "Fi nǹkan ẹ sẹ́nu, jókòó tì mí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ fi èmi rẹ́rìn-ín."

Ọmọ mi kéú, kò já gaara rárá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àáfà ya ẹnu sí i, eyín kò sí níwájú, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín, tòun ti ọmọ mi.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun, kó fọ ẹnu. Mo yí ìṣó, mo sì dúró títí ó fi fi àwo sẹ́nu. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Màmá, ó ń fún mi lẹ́nu."

Oṣù méjì ni mo fi yí ìṣó yẹn tí n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì bi ara mi pé kí ló dé.

"Alihamudulilahi," ni mo wí.

"Ẹ ń dúpẹ́ pé ó ń fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí, ó sì lọ gbé ìwé rẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́.