Eyín Góòlù Hajia Ìsìlàmíyátù

Bí ẹ bá bi Hajia Ìsìlàmíyátù léèrè bí eyín ṣe fẹ́ pa á, yóò kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín ná. Yóò ní bí wọ́n bá pe ìpàdé gbogbo òmùgọ̀ tó wà ní Accra, òun ni wọn yóò fi ṣe ìyálóde. Àdúgbò Kotobabi níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ló sì ń tà fún àwọn aránṣọ ní Adabraka láti ìgbà tó ti wà ní omidan. Kò sí aránṣọ tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́ ara rẹ̀ jẹ.

Nígbà tó ń lọ sí Mẹ́kà, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ìjọsìn àti eyín góòlù. Ó ní kí Ọlọ́run dárí jin òun, òun ò mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì. Hajia wo ni yóò ti Mẹ́kà dé tí yóò la ẹnu tí ẹnu ò ní tàn? Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, ẹsẹ̀ sì ń ro ó, ló bá yà sọ́dọ̀ ọkùnrin kan létí títì tó ń ta irú èyí tí wọ́n kàn ń há mọ́ eyín, tó ṣeé fi sí, tó sì ṣeé yọ. Nígbà tó dé Accra, ó ní wọ́n lù ú mọ́ òun lẹ́nu ni, nítòsí Káábà gan-an. Láti ìgbà náà ló ti ń yọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́ bó bá fẹ́ sùn. Ọkọ rẹ̀, Bàdárù, bá a gbé títí ó fi ṣaláìsí, kò bi í léèrè eyín rí.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ní ìyálẹ̀ta, ó ń bá oníbàárà kan ná síìpù, ni ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tí itọ́ ń ṣàn ní igun ẹnu rẹ̀ ọ̀tún. Ó ní, “Mo gbé! Eyín yìí ti fẹ́ bọ́.” Ló bá fa ìborùn bo ẹnu. Ó jókòó, ó panu mọ́, ó ń fi orí dá àwọn oníbàárà lóhùn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ wúwo sí i, ó ṣépè fún ọkùnrin Mẹ́kà. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ó ní òun ló sùn lé e. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tó ń béèrè ta ló ń sun iṣu, ó tún gbọ́n jù ú lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà ni Hafeezah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé wáákyè wá fún un. Bí Hajia ṣe na ọwọ́ gba abọ́, abọ́ bọ́, ìrẹsì àti ẹ̀wà fọ́n ká orí bọ́tìnnì. Hafeezah fa ìborùn kúrò. Ẹnu ìyá rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Màmá, ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì sókè.”

Òsì lọ sókè. Ọ̀tún kò mira.

Zuweira tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ kejì ké ní Háúsá pé àlùjànnú ló gbá a létí, kí wọ́n pe málàámù. Hafeezah ní, “Ẹ fi málàámù sílẹ̀, ẹ bá mi dá taksí dúró! Kíá paa!”

Ní ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù, dókítà obìnrin kan fi èdè Twi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ó jọ rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ tàbí ẹ̀jẹ̀ ló dì tó dí i. Oògùn tó ń wo ọ̀kan lè pa ẹni tó ní èkejì. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí ni yóò sọ. “Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?” Hafeezah ní, “Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni, lẹ́yìn Àìlà.”

Ẹ̀rọ náà ní ihò róbótó bí ẹnu ààrò oníbúrẹ́dì. Ọkùnrin tó ń darí rẹ̀ ní kí wọ́n bọ́ yẹtí, kí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ ìborùn àti irin yòówù tó bá ṣeé yọ lẹ́nu, torí irin máa ń ba àwòrán jẹ́. Hajia mi orí pé tòun ò ṣeé yọ. Ọkùnrin náà wo Hafeezah, Hafeezah wo ilẹ̀. Hajia rò ó wò: ikú rèé, ìtìjú rèé. Kí ó má tàn yín, ó rò ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ òsì bọ ẹnu, ó yọ eyín, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì di ojú.

Àwòrán jáde. Iṣan kankan kò bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló dì. Ara dókítà yá gágá, ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n sì tètè gbé e dé. Bó bá pẹ́ jù ni wọn kì í gún un, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ. Wọ́n ti ń pe ìrun Àlàásàrì níta. Wọ́n ń múra abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rù sì ba Hajia débi pé ó gbàgbé ìtìjú. Ó fi ọwọ́ òsì di aṣọ dókítà mú.

“Ì... yá... lẹ̀ta.”

“Kí lẹ wí, Màmá?” Hafeezah ló bi í.

“Ìyálẹ̀ta ló bẹ̀rẹ̀. Mo... rò pé... eyín ni.”

Hafeezah túmọ̀ rẹ̀ sí Twi. Dókítà gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní òtítọ́ yẹn ló yọ ọ́ lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti gbé e dé láàárọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ náà padà bọ̀ sípò. Oògùn mìíràn ni wọ́n fún un.

Ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ọwọ́ kò padà. Ohun tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ tó padà náà sọ ni pé, “Hafeezah, má sọ ti eyín yìí fún ẹnikẹ́ni o.”

“Màmá, ta ló kù tí mo fẹ́ sọ fún? Láti kékeré la ti mọ̀. Bàbá ló máa ń bá yín fọ̀ ọ́ tí ẹ bá gbàgbé ẹ̀ sójú fèrèsé.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ẹ fẹ́ràn ẹ̀ paa.”

Hajia bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan.

Ó ní, “Wò ó, ohun tí mo fi san án nìyí, kí ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ má baà mọ̀.”